Sípánà Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Nọ́ọ̀tì

Iṣẹ́ gígé ọkọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi wá ṣe ní Sharjah. Ó ní àgbàlá kan ní àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, níbi tí a ti ń ra ọkọ̀ tó ti forí sọ nǹkan, tàbí èyí tó ti sú ẹni tó ni ín. A ó gé e sí méjì láàárín, a ó tú ẹ́ńjìnnì àti gíà inú rẹ̀, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ́ńténà tó ń lọ sí Èkó. Àárín àwọn ọdún 1990 ni mò ń wí. Dubai ni mo ti ń sùn, ní Hor Al Anz, níbi tí mo ti ní bedspace kan, ìyẹn ibùsùn kan tí mò ń háyà, nínú yàrá àwa Yorùbá mẹ́fà. Àwọn yòókù ń ra aṣọ àti rédíò ní Deira ránṣẹ́ sílé, ọwọ́ wọn sì máa ń mọ́. Èmi nìkan ni mò ń gbé òórùn gíríìsì wọlé, tí wọ́n sì máa ń ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀ kí n tó kí ènìyàn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fẹ́ràn. Ẹ́ńjìnnì ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré lọ wò, ṣùgbọ́n tí a bá ti gé ọkọ̀ tán, èmi á dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ìlàjì ẹ̀yìn rẹ̀, máa wo bí wọ́n ṣe so táyà mọ́ ara ọkọ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Nínú àpótí iwájú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni mo ti ń rí ìwé ìròyìn nípa àwọn ọkọ̀ tó ń sáré nínú aṣálẹ̀. Mo kà wọ́n títí ojú ìwé fi já. Mo ní téèpù ìwọ̀n kan tí kì í kúrò nínú àpò ṣòkòtò mi, n kò sì mọ bí mo ṣe lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíríǹgì kí n má wọn gígùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò mí, á sì sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Àbúrò mi yìí, ìdí ọkọ̀ ló máa ń wò bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ rẹ̀ níyàwó."

Ohun tí mò ń wá lábẹ́ ibẹ̀ kò le láti sọ. Tí táyà bá gun òkè kékeré, ó gbọ́dọ̀ lè gòkè láìgbé ọkọ̀ dání. Tí ó bá dé kòtò, ó gbọ́dọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ kó bá ilẹ̀ nísàlẹ̀. Àyè tó wà láàárín ibi tó lè gòkè dé àti ibi tó lè sọ̀kalẹ̀ dé, òun ni mò ń pè ní ìrìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ọkọ̀ tí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú lè ṣe é gùn lójú títì, ṣùgbọ́n tí o bá fi eré gbé e wọ inú yanrìn, á máa ta bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Lárúbáwá kan, ọmọ Sharjah gan-an, ló wá ra sípíríǹgì lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kan. Ó wọ kandura, ẹ̀wù funfun gígùn tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ máa ń wọ̀, ṣùgbọ́n gíríìsì ti ba etí apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́. Etí apá yẹn ló jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló fẹ́ fi sípíríǹgì ṣe.

"Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn jíìpù mi ga sí i. Mò ń fi í díje nínú aṣálẹ̀. Ó máa ń fi ìdí gbálẹ̀."

"Gíga kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tó."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ láti ibi tó jókòó sí lábẹ́ ìbòji. "Ọ̀rẹ́ mi, má dá a lóhùn o. Tí o bá dá a lóhùn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ ọ níbí."

Ó dá mi lóhùn, ilẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Mo fi ìka ya gbogbo rẹ̀ sínú eruku tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan: ọ̀pá ńlá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, apá irin mẹ́rin tó di ọ̀pá náà mú kó má sá síwájú tàbí sẹ́yìn, sípíríǹgì, àti ṣọ́ọ̀kù tó ń kó sípíríǹgì níjàánu. Mo fi hàn án pé ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ kúrú, pé òun ló ń dá ẹsẹ̀ dúró kí ó tó dé ilẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní muhandis, ẹnjiníà lédè wọn. Eré ló kọ́kọ́ fi pè é.

Wọ́kṣọ́ọ̀bù tó mú mi lọ kò jìnnà sí àgbàlá wa. Ọmọ Pakistan kan ló ni ín, wẹ́dà ni, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní ústáàdì, ìyẹn ọ̀gá iṣẹ́. Ènìyàn ńlá ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. Ó gbàgbọ́ pé irin tí òun bá jó pọ̀, ayé ni yóò kọ́kọ́ parí kí ó tó já. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún un pé mo mọ̀ nípa ìrìn ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó wò mí láti orí dé bàtà.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Nínú ìwé, ọ̀gá."

"Nínú ìwé." Ó yíjú sí ọlọ́kọ̀. "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, àna mi náà mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ odò. Inú ìwé ló ti kọ́ ọ."

Ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò pẹ́ padà sípò. Ọjọ́ yẹn ló sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà fún àwa méjèèjì. Ọdún méjì tẹ̀ léra ni ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìdíje, ọdún méjèèjì ni wọ́n sì fi okùn fà á wálé, tí àwọn ará àdúgbò ń wò ó. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé tí wọ́n bá tún fi okùn fà á wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, títà ni ọkọ̀, òun náà á sì wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ti ń ta páìpù omi. Bàbá náà kì í pariwo, ó ní, ṣùgbọ́n kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

"Èmi ò sọ pé kí n gba ipò kìn-ín-ní," ló wí. "Kí n ṣáà fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wọlé."

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn, mo fi jáàkì gbé ọ̀pá ẹ̀yìn títí ó fi kan òkè, mo fi ẹfun sàmì sí i. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kù fi gùn tán, mo tún sàmì. Ínǹṣì mẹ́jọ ló wà láàárín àmì méjèèjì. Mẹ́rìnlá ni mo fẹ́. Ústáàdì ní kí la fẹ́ fi mẹ́rìnlá ṣe, ṣé a fẹ́ gun ilé ni.

Ṣọ́ọ̀kù gígùn kò lè wọ ibi tí ti àtijọ́ wà, nítorí náà a lu ilẹ̀ búùtù jálẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, a sì gbé orí ṣọ́ọ̀kù wọ inú ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ìdíje, wọ́n máa ń jó páìpù pọ̀ bí àgò kí orí awakọ̀ má bàa fọ́ tó bá dojú dé. Ara àgò yẹn ni ústáàdì jó òpó méjì mọ́, tí yóò gbé orí ṣọ́ọ̀kù dúró. A jà níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ṣọ́ọ̀kù dùbúlẹ̀ díẹ̀ kó lè rí àyè. Mo ní tó bá dùbúlẹ̀ jù, agbára rẹ̀ á dínkù, nítorí bí táyà bá ṣe rìn tó, òun kò ní rìn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́. Mo mú pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, mo kàn wọ́n pọ̀, mo sì fi ọwọ́ gbé e sókè sódò lójú rẹ̀ títí ó fi ní "bas, bas", ó tó, ó tó. A fa apá irin ìsàlẹ̀ gùn kí ọ̀pá ẹ̀yìn má bàa máa yí orí nígbà tó bá sọ̀kalẹ̀, a sì pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì sí èyí tó gùn. Àwọn ohun tí ẹlòmíràn kì í rántí nìyẹn. Mo rántí gbogbo wọn, mo sì gbéraga nítorí rẹ̀.

Èyí tí mo tẹnu mọ́ jù ni okùn ìdádúró. Bẹ́líìtì líle ni, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́lẹ̀ lórí tírélà, a ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, a sì rán an. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà lára ọ̀pá ẹ̀yìn, òkè rẹ̀ wà lára ṣásí, irin ńlá tó ru ara ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé nígbà tí ọkọ̀ bá fò, tí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ń já bọ̀, okùn náà ni yóò dá a dúró kí ṣọ́ọ̀kù tó gùn tán. Tí kò bá sí okùn, ṣọ́ọ̀kù ni gbogbo ìwúwo yẹn yóò máa fà, inú rẹ̀ á sì ya. Mo ṣàlàyé èyí fún ústáàdì títí ó fi sú u. Ó ní, "Muhandis, o fẹ́ràn okùn yìí ju ìyá rẹ lọ."

Ní gbogbo àkókò yìí, mò ń purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń sọ pé mò ń lọ ra àkúfọ́ irin, n kò sì ní padà títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ó mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó kàn bi mí pé, "Ẹnjiníà aṣálẹ̀, ṣé àkúfọ́ irin wọn ti tán ni, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wà á láti inú ilẹ̀?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń bá mi gé ọkọ̀ tó yẹ kí n gé. Láàárọ̀, mo máa ń rí i pé iná tí a fi ń gé irin ti ba ojú rẹ̀ jẹ́, ojú á pọ́n, mi ò sì ní lè wò ó dáadáa.

Nígbà tí a gbé ọkọ̀ náà lọ dánwò nínú yanrìn tó wà lẹ́yìn ọ̀nà Dhaid, mo dúró lórí òkè kan, ústáàdì dúró tì mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi eré kọjá lórí àwọn ebè yanrìn kéékèèké. Ẹ ti rí pẹ́pẹ́yẹ lórí omi rí: ara rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Táyà ń lọ sókè sódò bí ẹni ń tẹ kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, orí awakọ̀ kò sì mì. Ústáàdì yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwé yẹn, ta ló kọ ọ́?"

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀.

A ti yọ okùn ìdádúró méjèèjì kí a lè kun ibẹ̀ ní ọ̀dà, a sì ń dá wọn padà. Ústáàdì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó ti fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún tòkè tìsàlẹ̀, ó ti fún ìsàlẹ̀ òsì, ó ku òkè òsì. Ó fi ìka yí nọ́ọ̀tì náà wọlé, ó fi sípánà sí i, ni wọ́n bá pe ìrun. Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́, òun àti ọlọ́kọ̀ gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ.

Onígbàgbọ́ ni mí. Gbogbo ìgbà yòókù tí wọ́n bá lọ kírun, mo máa ń lọ ra tíì ní búkà tó wà ní ìkangun, màá sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ìdí láti lọ, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti gbé tíì wá láti ilé nínú fúláásìkì ńlá kan. Ó ní ìyá òun ló sè é fún wa, nítorí ìdíje. Mo wá dúró nínú wọ́kṣọ́ọ̀bù, mo wo ilẹ̀. Irinṣẹ́ fọ́n káàkiri.

Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkirè. Nílé wa, tí àgbà bá dìde nídìí iṣẹ́, bóyá ó fẹ́ jẹun ni o, bóyá ẹnìkan ló pè é, ọmọdé ni yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, yóò fi àkísà àti kẹrosíìnì nù ún, yóò tò ó láti orí kékeré dé ńlá, kí àgbà tó padà dé. Kò sẹ́ni tó ń ránni létí. Bàbá mi máa ń sọ pé ọmọ tó bá jẹ́ kí irinṣẹ́ àgbà sùn sílẹ̀, wọn kò kọ́ ọ nílé. Ústáàdì jù mí lọ, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n kọ́ mi nílé. Mo kó gbogbo irinṣẹ́ náà jọ. Mo nà sábẹ́ ọkọ̀, mo rí sípánà kan tó kọ́ sórí nọ́ọ̀tì òkè òsì, mo yọ ọ́. Mo rántí pé mo rò ó lọ́kàn pé ọkùnrin yìí kì í ṣọ́ irinṣẹ́. Mo nù ún, mo sì tò ó sí ipò rẹ̀ nínú àpótí.

Nígbà tí wọ́n dé, ústáàdì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ mímọ́, ó wo àpótí.

"Shabash," ló wí, ìyẹn ni pé mo káre. "Ìyá rẹ gbìyànjú lórí rẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀. Kò rí sípánà kankan. Ó ní ó ku táyà. A gbé táyà sí i, a mu tíì ìyá ọlọ́kọ̀, ó dùn, ó ní ata ilẹ̀ nínú. Inú mi dùn jù ti gbogbo wọn lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, èmi àti ústáàdì wà ní ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró gba epo àti àtúnṣe kí ó tó wọ apá kejì. Tapólìn ni a ta mọ́ ara ọkọ̀ akẹ́rù wa fún ìbòji. Ọkọ̀ náà dé láàárọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ àṣíborí, yanrìn kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí ẹran.

"Muhandis, mo kọjá lára wọn. Ibi tí wọ́n ti ń rọra, èmi ò rọra."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣọ́ọ̀kù méjèèjì; wọ́n gbóná bákan náà. Mo wo okùn méjèèjì, wọ́n wà níbi tí wọ́n yẹ kí wọ́n wà. Nọ́ọ̀tì òkè òsì wà lẹ́yìn ṣásí, yanrìn ti bò ó. Mo fi ojú wò ó, n kò fọwọ́ kàn án. A rọ epo, ústáàdì fọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀, ó ní "yalla", ó yá, ọkọ̀ náà sì lọ.

Ústáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í fún nọ́ọ̀tì kan lára ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù wa tó ti ń dún láti ilé. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó wo oòrùn, ó ní àkókò ìrun ti tó, ó sì dìde lọ gbé kẹ́tù omi. Sípánà ṣì wà lórí nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ mi ti nà lọ síbẹ̀ kí n tó rò ó.

"Fi í sílẹ̀," ló wí. "Tí o bá yọ ọ́, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tí mo dé?"

Mo bi í pé kí ló ń sọ.

"Bí ústáàdì tèmi ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìpè Ọlọ́run kì í dúró de ènìyàn, irin á dúró. Fi sípánà sórí nọ́ọ̀tì kí o lọ. Tí o bá padà tí sípánà wà níbẹ̀, kò tíì le. Tí kò bá sí níbẹ̀, ó ti le." Ó da omi sí ọwọ́. "Gbogbo wa níbí là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà?"

Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní, "Ọ̀gá, lánàá, nígbà tí ẹ lọ kírun, sípánà kan wà lórí nọ́ọ̀tì. Mo yọ ọ́."

Ó gbé kẹ́tù sílẹ̀. "Nọ́ọ̀tì wo?"

"Ti okùn. Òkè, lósì."

Kò bú mi. Ó sáré lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìdíje, ènìyàn ńlá yẹn ń sáré nínú yanrìn, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní rédíò. Wọ́n bá àwọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà apá kejì sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ náà ti kọjá, kò sí ẹni tó lè dá a dúró lójú ọ̀nà títí dé òpin. Ó padà wá, ó wá bàtà rẹ̀, ó parí àlùwàlá tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kírun. Èmi jókòó sínú ìbòji, mo sì ń gbàdúrà tèmi fún nọ́ọ̀tì kan. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìpáàrà mú un, kí yanrìn há sí i, kí ohunkóhun ṣáà dì í mú títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ń dé. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ústáàdì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń wo eruku tó bá yọ. Tí kì í bá ṣe tiwa, á gbé ojú sí èyí tó tẹ̀ lé e. Oòrùn ti ń pọ́n nígbà tí eruku kan yọ tí kò yára. Ọkọ̀ ńlá kan ni, ó fi okùn fa ọkọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó nídìí ìdarí, ó ń wo okùn náà. Ẹ̀yìn òsì ti sùn sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù ti ya, orí rẹ̀ ṣì wà lára òpó tí ústáàdì jó, ìyókù ń wọ́ nílẹ̀. Sípíríǹgì ti fò jáde. Ọlọ́kọ̀ ti wá a rí, ó gbé e sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èrò ọkọ̀. Okùn ìdádúró òsì so rọ̀. Òkè rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan.

"Mo fò kúrò lórí òkè kan," ló wí nígbà tó sọ̀kalẹ̀. "Kì í ṣe òkè ńlá. Ó balẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bí ràkúnmí. Kò dìde mọ́."

"Nọ́ọ̀tì mi ni," ni ústáàdì wí. "Èmi ni mi ò fún un."

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Èmi ni mo yọ sípánà rẹ̀. Kò lè mọ̀."

"Ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀? Ìwọ? Ọwọ́ ta ló wà lórí iṣẹ́?"

"Ọ̀gá, èmi ni mo—"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo èmi, ó wo òun. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀ ń jà sí i bí ẹni méjì tó fẹ́ sanwó oúnjẹ nílé ìjẹun. Khalas, ó ti parí." Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú àṣíborí. Ó bi wá bóyá omi wà.

Wọ́n fi okùn fà á wọlé. N kò sí níbẹ̀ nígbà tó dé àdúgbò wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lọ́kàn mi, ilẹ̀kùn tó ṣí, àti bàbá kan tí kì í pariwo.

Ohun tó le fún mi ni pé kò sẹ́ni tó bínú sí mi. Mo padà lọ bá ústáàdì láti tún bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀bi òun ni pé òun fi ojú wò ó dípò ọwọ́, ó sì ní kí n bá òun di irin kan mú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kan ti gbọ́ pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló tú. Mo gbọ́ tí ẹnìkan fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ pé irin rẹ̀ kì í já àmọ́ nọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń rìnrìn àjò. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì wò mí kí n má sọ nǹkan kan. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá ti tán níbẹ̀.

Bàbá náà kò yí ọ̀rọ̀ padà. Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi wá bá ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Kò rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ti lu ilẹ̀ rẹ̀ jálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rà á fún gígé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, ẹlòmíràn lè gé e. Lọ bá mi wo kọ́ńténà."

"Ẹ jẹ́ kí n gé e, ẹ̀gbọ́n."

Ó wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ó dáa, ó mú sípánà kan fún mi.

Òpó méjèèjì tí ústáàdì jó kò ṣe é ṣí. A ní láti gé àgò náà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n okùn ọ̀tún, mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi tú u. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti ki páìpù bọ ìdí sípánà kí n tó lè mì ín. Mo ṣì ń bá a fà nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Mo jáde. Òun ni. Kandura rẹ̀ funfun, etí apá rẹ̀ mọ́ tónítóní. Fúláásìkì ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Muhandis. Níbo ló ń lọ?"

"Èkó."

"Yanrìn wà níbẹ̀?"

"Etí òkun nìkan."

Ó fọwọ́ kan òpó, ó fọwọ́ kan ihò ilẹ̀ búùtù tí mo ti fi fáìlì dán ẹnu rẹ̀ kó má bàa gé okùn iná. Ó ní ṣọ́ọ̀bù páìpù kò burú, ẹ́àkọ́ńdíṣọ̀n wà níbẹ̀. Ó ní òun máa ń rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ. Pé kò sí ẹni tó fún òun ní irú rẹ̀ rí, òun sì wá dúpẹ́.

Mo ní, "Mo yọ sípánà yẹn. Ṣé o gbọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà?"

"Ústáàdì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. O tún ilẹ̀ ṣe. Ta ló máa bá ẹni tó tún ilẹ̀ ṣe jà?"

Mo fi àkísà nu ọwọ́ mi. Ibẹ̀ la wà nígbà tí wọ́n pe ìrun. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ mùsùlùmí, bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé fúláásìkì sórí ìlàjì ọkọ̀, ó tẹ̀ lé e. Ó ku èmi nìkan nínú àgbàlá. Irinṣẹ́ fọ́n kálẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀, eruku ń bò wọ́n. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo jókòó lórí táyà kan títí wọ́n fi dé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó rí sípánà níbi tí mo fi í sí, lórí nọ́ọ̀tì, pẹ̀lú páìpù tó gùn lẹ́yìn rẹ̀.  Ó ṣí fúláásìkì, ó da tíì sínú ìdérí rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ẹni tó ń gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.